Ẹ̀kú Àtijọ́ lórí Ẹsẹ̀ Tuntun: Ọ̀rọ̀ lórí Bọ́dì, Ṣáásì àti Orúkọ Ọkọ̀ lábẹ́ Òfin

Láti ìgbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ti lẹ àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ́ ara ògiri ni àwọn ènìyàn ti ń dá mi dúró lọ́nà, tí wọ́n ń bi mí pé kí ni ó kan ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ṣáásì. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ni iṣẹ́ àwa tí à ń fi oríkì àti ìtàn jẹun. Bí a bá gbé bọ́dì ọkọ̀ àtijọ́ kan kúrò lórí irin tí wọ́n dè é mọ́ láti ilé-iṣẹ́, tí a sì gbé e lé irin ọkọ̀ mìíràn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tirẹ̀, ọkọ̀ wo ni ó wà níwájú wa? Orúkọ ta ni yóò máa jẹ́? Ìwé ta ni yóò máa gbé kiri? Èrò tèmi, tí n ó gbìyànjú láti fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn, ni pé ojú ènìyàn a máa fi bọ́dì sọ ọkọ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n ṣáásì ni òfin fi ń sọ ọ́; ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ogún bàbá rẹ̀ di ẹrù olè.

Kí ọ̀rọ̀ má baà pa àwa aláìmọ̀ mẹkáníìkì tì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ṣáásì ni egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀: irin gígùn méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí a fi irin kéékèèké de pọ̀ láàárín bí àkàbà tí a tẹ́ sílẹ̀. Òun ni ó ru ẹ́ńjìnnì àti gíà, òun ni sípíríǹgì àti táyà so mọ́. Bọ́dì ni ohun tí a fi bò ó: ilẹ̀kùn, òrùlé, ìjókòó, ojú tí ọkọ̀ fi ń wo ayé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, méjèèjì ti di ara kan náà, kò sí bí a ti ṣe lè yà wọ́n. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún oko àti ọ̀nà tí kò dára, wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bóòtù ni ó so wọ́n pọ̀. Nínú gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Land Rover ni ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọdún 1948, ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé ní ìlú Amsterdam. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí pẹ́ nígbà náà, irin wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ni ó sì ń pín in ní ìwọ̀n fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Rover bá fi alúmíńọ́ọ̀mù ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú bọ́dì, wọ́n fi irin tí wọ́n rí ṣe ṣáásì. Ìpinnu tí ọ̀wọ́n mú wá yìí ni ó bí ìṣòro tí à ń sọ lónìí, nítorí alúmíńọ́ọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Ṣáásì náà ní ihò nínú bí àpótí gígùn; omi àti ẹrẹ̀ a wọlé síbẹ̀, wọn a jókòó, irin a sì máa jẹ láti inú wá sí òde níbi tí ojú kò tó. Lẹ́yìn 40 tàbí 50 ọdún, bọ́dì a ṣì dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ tí ó rù ú a sì ti rà. Ẹ ti rí irú àgbà bẹ́ẹ̀ rí: ojú rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ó fi ń rìn.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àwọn aláṣẹ amúnisìn fi wọ oko, ọlọ́pàá àti ológun lò ó, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn lò ó, àwọn tí ń ra kòkó fi dé abúlé tí ọkọ̀ mìíràn kò lè dé lásìkò òjò. Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ Leyland tí ó wà ní Ìbàdàn ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover pọ̀ níbẹ̀. Títí di òní, ẹni tí ó bá la ojú rẹ̀ yóò rí òkú wọn lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba àti lẹ́yìnkùlé àwọn ìdílé tí ó lówó nígbà kan rí.

Nípa ti ìwọ̀n, àárín táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn Land Rover ti 1948 jẹ́ 80 ínǹṣì. Àwọn tí ó tẹ̀lé e tí ó sì gbajúmọ̀ jù ni ti 88 àti ti 109. Ní 1970 ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Range Rover jáde, tí àárín táyà rẹ̀ jẹ́ 100 ínǹṣì. Dípò sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn, wọ́n lo èyí tí a lọ́ bí ejò, tí ó jẹ́ kí ara tu ẹni tí ó jókòó. Discovery tí ó jáde ní 1989 jogún 100 ínǹṣì yẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé bọ́dì 88 lé ṣáásì Discovery yóò rí i pé ínǹṣì 12 ni ó yà wọ́n, ẹsẹ̀ bàtà kan gééré. Ó lè gé ṣáásì kúrú kí ó sì jó o padà, ó sì lè fa bọ́dì gùn kí ó má fọwọ́ kan ṣáásì. Lójú oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀kan náà ni ọ̀nà méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn kò ju iye alúmíńọ́ọ̀mù tí a ó rà. Lójú òfin, ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn lè pín ọkọ̀ níyà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, bí a ó ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìlú yìí jogún Land Rover bàbá rẹ̀, ọkùnrin tí ó fi ọkọ̀ náà ra kòkó títí agbára rẹ̀ fi pin. Ṣáásì ti jẹ tán. Mẹkáníìkì rẹ̀ rí Discovery kan tí ọkọ̀ mìíràn fọ́ òrùlé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fara pa. Títí dé ibẹ̀, ohun gbogbo dára. Wẹ́dà tí wọ́n pè ni ó wá gbà á nímọ̀ràn, ó ní: “Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. A ó gé ojú ibi tí nọ́ńbà wà lára ṣáásì àtijọ́, a ó jó o mọ́ ti tuntun. Pátíkúlà yín kò ní yí padà, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.” Ọ̀rẹ́ mi tọ̀ mí wá. Kò bi mí nípa òfin rárá. Ohun tí ó bi mí ni pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí a bá ṣe é tán, ṣé mọ́tò bàbá mi náà ni, àbí kì í ṣe òun mọ́?”

Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìbéèrè méjì ni ó wọ aṣọ kan ṣoṣo yẹn. Èkíní jẹ́ ti ìdílé, èkejì jẹ́ ti ìjọba, èsì wọn kò sì bára mu.

Ní ti ìdílé, àwa Yorùbá ní ohun tí ó lè dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn, ìyẹn ni ẹ̀kú egúngún. Ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ fọkàn balẹ̀, n kò ní tú awo. Ohun tí gbogbo ayé rí ní gbangba ni n ó sọ. Ẹ̀kú a máa ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Aṣọ tí ó gbó nínú rẹ̀, a yọ ọ́. Aṣọ tuntun, a rán an mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ó lè má sí òwú kan ṣoṣo tí ó kù nínú èyí tí ẹni àkọ́kọ́ rán. Síbẹ̀, orúkọ kan náà ni egúngún yẹn ń jẹ́, oríkì kan náà ni àwọn obìnrin ilé ń kì í, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ náà bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà: Plutarch sọ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus tí àwọn ará Athens tọ́jú, tí wọ́n ń yọ pákó rẹ̀ tí ó rà tí wọ́n ń fi tuntun dípò, títí àwọn onímọ̀ fi ń bá ara wọn jiyàn bóyá ọkọ̀ náà ṣì ni. Àwọn tiwa kò jiyàn. Ohun tí ojú rí, tí ẹbí gbà, tí a sì ń kì, òun ni ó ni orúkọ. Bí ọ̀rẹ́ mi bá wo bọ́dì tí ó mọ̀ láti kékeré, tí ó rí ibi tí bàbá rẹ̀ ti fi apá gbá ilẹ̀kùn mọ́ra, kí ó máa pè é ní mọ́tò Bàbá. Kò sí ẹni tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà tún wà lẹ́nu àwọn àgbà tí ó lòdì sí ti ẹ̀kú. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan rí ọkùnrin arẹwà lọ́jà, ó tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń lọ nínú igbó, ọkùnrin náà ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tí ó yá a, ó ń dá apá padà, ó ń dá àyà padà, ó sì ń san owó ìyálò lọ́nà, títí ó fi ku agbárí nìkan tí ń yí gbirigbiri lọ sílé. Amos Tutùọlá lo ìtàn yìí nínú The Palm-Wine Drinkard tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1952, òun ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ rántí, nítorí wọn a máa gbàgbé, pé alágbẹ̀dẹ ni Tutùọlá kí ó tó di òǹkọ̀wé, ó sì ṣiṣẹ́ irin fún ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so irin mọ́ irin mọ ohun tí ó ń sọ nígbà tí ó to ènìyàn pọ̀ láti ara ẹ̀yà tí a yá. Nínú ìtàn yìí, ẹwà kò ní orúkọ. Ohun tí ó kù nígbà tí a bá ti dá gbogbo ohun àyálò padà ni ó ni orúkọ, ohun náà sì ni agbárí. Ní ti ọkọ̀, ṣáásì ni agbárí. Òfin gba ti ìtàn yìí, kò gba ti ẹ̀kú.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí lọ́dọ̀ wa tipẹ́tipẹ́, kí Land Rover tó di ọ̀rọ̀. Bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn òbí wa wọ̀, ti ta ni í ṣe? Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun a kó ṣáásì Bedford tàbí Austin wọlé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti imú rẹ̀. Àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kọ́ ilé lé e lórí, tí wọ́n ń to àga sí i, tí akọ̀wé-ara-ọkọ̀ sì ń fi ọ̀dà kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Èrò kì í pè é ní Bedford. Ohun tí a kọ sí orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Ìwé rẹ̀ ní tirẹ̀ kò mọ òwe kankan; Bedford ni ó ń pè é, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀. Bí pákó bá jẹrà, a ó kàn án tuntun, orúkọ inú ìwé kò yí padà. Mọlúwè tí ó gbòde ní Èkó láti àwọn ọdún 1970 títí àwọn ọkọ̀ BRT fi dé ní 2008 kò yàtọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ṣáásì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 tí àwọn wẹ́dà wa jó ara bọ́ọ̀sì lé lórí. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé ìwà jìbìtì ni kí a gbé bọ́dì lé ṣáásì tí a kò bí i mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó lọ́lá, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bọ́ ìlú yìí. Inú ìwé ni jìbìtì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké tó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí gbígbé bọ́dì Land Rover lé ṣáásì Range Rover tàbí Discovery ti pẹ́ tí ó ti di àṣà àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kí oṣù Kẹjọ ọdún 2025 tó dé, DVLA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, fi máàkì mọ ẹni tí ọkọ̀ tí a tún tò ń jẹ́. Ṣáásì tí a kò gé tí a kò sì yí padà ní máàkì 5. Sípíríǹgì iwájú àti ẹ̀yìn ní 2. Irin tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, níwájú àti lẹ́yìn, ní 2. Gíà ní 2. Ohun ìdarí ọkọ̀ ní 2. Ẹ́ńjìnnì tí a ń yangàn nítorí rẹ̀ ní 1 péré. Ọkọ̀ ní láti kó 8 jọ nígbà náà, kí ṣáásì sì wà lára rẹ̀, kí ó tó lè máa jẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́. Ẹ wá bọ́dì nínú ìṣirò yìí wò, fún ọkọ̀ tí ṣáásì rẹ̀ dá wà. Kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú rí, tí ọmọdé fi ń pe ọkọ̀ lórúkọ lójú títì, òdo ni máàkì rẹ̀.

Nípa ìṣirò yìí, bọ́dì Land Rover ti 1965 lórí ṣáásì Discovery ti 1992 jẹ́ Discovery ti 1992 tí ó paarọ̀ aṣọ. Bí ẹni tí ó ṣe é bá ti gé ínǹṣì 12 kúrò lára ṣáásì, máàkì 5 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè jẹ́ Land Rover, kò sì lè jẹ́ Discovery mọ́. Lábẹ́ ìlànà ìgbà náà, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò bí ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, wọ́n sì lè fún un ní nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q, tí ó ń sọ fún gbogbo ayé pé a kò mọ ìran tí ó ti wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n dẹ okùn òfin náà díẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún ṣe bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ àti àwọn tí a sọ di oníná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe àyípadà ńlá sí egungun ọkọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ìjọba.

Kí ni ó ń mú ẹnikẹ́ni purọ́ níbẹ̀? Owó ni. Ọkọ̀ tí ó ti pé 40 ọdún kì í san owó orí ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2018 sì ni ọ̀pọ̀ irú wọn ti bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún, bí a kò bá ti yí wọn padà jù. Ẹni tí ó bá fi ìwé àgbà bo ọmọdé lórí yóò jẹ èrè méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, ohun mìíràn ni ó ń fà á. Ọkọ̀ òkèèrè tí kò bá ìlànà wọn mu kò gbọdọ̀ wọlé àyàfi tí ó bá ti pé 25 ọdún. Nítorí náà, àwọn oníṣòwò kan a máa fi nọ́ńbà ọkọ̀ àgbà wọ ọkọ̀ tí kò tíì dàgbà. Ní 2014 ìjọba wọn gba Land Rover Defender 40 lọ́wọ́ àwọn tí ó rà wọ́n, wọ́n ní ọjọ́ orí tí ó wà nínú ìwé kò bá ara ọkọ̀ mu. Àwọn tí ó ra ọkọ̀ wọ̀nyí kò mọ nǹkan kan nípa ibi tí wọ́n ti tò ó. Owó gidi ni wọ́n san. Àwọn kan nínú wọn gba agbẹjọ́rò kí wọ́n tó rí tiwọn gbà padà. Bí mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni mo rò, ẹni tí yóò jogún ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ní mọ ohun tí wẹ́dà kan ṣe ní Ẹdẹ kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní Nàìjíríà, a kò ní ìṣirò máàkì, ṣùgbọ́n òpó tí ọ̀rọ̀ dúró lé jẹ́ ọ̀kan náà. Nọ́ńbà ṣáásì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Nọ́ńbà ìta tí a kàn mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn kò ju àmì tí ó tọ́ka sí wọn lọ. Ohunkóhun tí ó bá yí padà nínú ohun tí a kọ síbẹ̀, títí kan àwọ̀ ọ̀dà, olóhun ní láti fi tó àwọn tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ létí. Gígé nọ́ńbà lára ṣáásì kan láti jó o mọ́ òmíràn jẹ́ ìwà ọ̀daràn, bí olóhun tilẹ̀ ni ṣáásì méjèèjì pẹ̀lú rìsíìtì. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò tilẹ̀ jinlẹ̀. Láti nǹkan bí 1981 ni nọ́ńbà ṣáásì ti di èyí tí ó ní lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Ti Land Rover àwọn ọdún 1960 kúrú púpọ̀ sí i. Ọlọ́pàá tí ó bá tẹ̀ba wo abẹ́ ọkọ̀ náà ní Akòdá yóò rí nọ́ńbà bàbá lára irin ọmọ, àti ojú jíjó yí i ká bí àpá.

Kí ni ó yẹ kí ọ̀rẹ́ mi ṣe? Kí ó gba rìsíìtì ṣáásì lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, kí ó sì rí i dájú pé ìwé àwọn aṣọ́bodè tí Discovery náà fi wọ ìlú wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ṣáásì tí a kò san owó ibodè rẹ̀ yóò sọ bọ́dì bàbá rẹ̀ di ẹrù fàyàwọ́. Kí ó má gé irin. Kí ó fa bọ́dì gùn. Kí ó gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ayẹ̀kọ̀wò tí a ń pè ní VIO kí ó tó gbé e sójú títì, kí ó sì sọ ohun tí ó ṣe fún wọn ní kedere. Kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà Discovery. Kí ó sì kọ ohun kan náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ tí ó wà nínú ìwé kọ́ ni ó kọlu ènìyàn, wọ́n ti rí àwáwí tí wọn kò fi ní sanwó, ẹni tí ó fara pa kò sì mọ nǹkan kan nípa bọ́dì tàbí ṣáásì.

Ìjàm̀bá yìí ni ó ń dẹ́rù bà mí ju ọlọ́pàá lọ. Irin tí a gé tí a sì jó lẹ́bàá títì kì í ní agbára irin tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́ bí ẹni tí ó jó o kò bá mọ iṣẹ́ dénú. Bọ́dì àtijọ́ ní etí tí ó fi ń dì mọ́ ṣáásì tirẹ̀. Lórí ṣáásì tuntun, a ní láti ṣe etí mìíràn, bí a kò bá sì ṣe é dáadáa, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá yí ni bọ́dì yóò fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lọ. Páìpù bíréèkì, ọwọ́ ìdarí, táńkì epo, ìgbànú ìjókòó tí Land Rover àtijọ́ kò tilẹ̀ ní: gbogbo wọn ni ó fẹ́ ojú tí kì í ṣe ti ẹni tí a san owó fún kí ó yára. Lójú tèmi, nítorí ojú kejì yìí ni a ṣe ń mú ọkọ̀ lọ sí iwájú ayẹ̀kọ̀wò, kì í ṣe nítorí owó tí ìjọba yóò gbà.

Kò sí òǹkọ̀wé tí ó mọ èyí tó Wọlé Ṣóyínká. Nínú eré onítàn rẹ̀ The Road, tí ó jáde ní 1965, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Professor (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́) ń ta ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ tí ìjàm̀bá fọ́, ó sì ń ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ fún awakọ̀. Ọlọ́pàá inú eré náà ń jẹ́ Particulars Joe, ọ̀rọ̀ pátíkúlà ti di orúkọ tí a ń pe ènìyàn. Irin àwókù àti ìwé èké ń gbé nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Nínú eré yẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù ti kọlu egúngún níbi ọdún àwọn awakọ̀, tí wọ́n sì gbé e pa mọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kú lára rẹ̀. Àwọn onílámèyítọ́ ti kọ ìwé púpọ̀ lórí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nípa ikú àti ọ̀rọ̀; n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èmi a máa rò pé a kò ka apá ti ìwé èké inú rẹ̀ dáadáa tó, bóyá nítorí pé ó jọ ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ jù. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ kà á. Ní 1977, nígbà tí Ẹdẹ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀; nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tí ó kọ eré lórí ayédèrú ìwé lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń wádìí ìwé.

Ọ̀nà kan tún wà tí n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí a má gba ṣáásì ọkọ̀ mìíràn rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣẹ́ irin kan ń rọ ṣáásì tuntun fún Land Rover àtijọ́, ìwọ̀n kan náà, ojú bóòtù kan náà, wọ́n sì ń rì í sínú síńkì gbígbóná kí ó má baà dógùn-ún. Ẹni tí ó bá lo irú rẹ̀, tí ó ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì fi tó wọn létí, lè máa jẹ́ orúkọ àtijọ́ lọ, nítorí ó paarọ̀ egungun tí ó rà pẹ̀lú irú rẹ̀ gan-an. Ọ̀nà yìí ni ó sún mọ́ ti ẹ̀kú jù. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ni yóò tún jókòó lé, ara kò ní tù ú, owó tí yóò ná sì pọ̀ ju ti Discovery tí ó fọ́ lórí lọ. Mo fi gbogbo èyí síwájú ọ̀rẹ́ mi. Ó bi mí pé èló ni wọn yóò fi kó o dé Èkó. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò jẹ́ kí Discovery jẹ́ Discovery nínú ìwé, kí ó sì máa jẹ́ mọ́tò Bàbá nílé.

Ó ku ṣáásì àtijọ́ tí ó ti jẹ, tí nọ́ńbà bàbá ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì náà kẹ́yìn, ó fara ti ògiri nínú koríko, ẹnìkan sì ti ń béèrè iye tí wọn yóò ta á, kì í ṣe nítorí irin rẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ mi dá ìwé rẹ̀ padà fún àwọn tí ó fún bàbá rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ náà kò sí lójú títì mọ́, kí a sì gé irin náà sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ọgbà. Bí Alága bá gbà bẹ́ẹ̀, n ó jókòó nísinsìnyí, kí àwọn mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́yìn wá bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ sókè fún.